Sípíkà olówó gọbọi, àmọ́ n kò gbọ́ ohun tí gángan ń wí

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), Ọjọ́ Ẹtì, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra sípíkà gogoro méjì kan. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ìjà ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Sípíkà náà dára. Mo gbọ́ ọ kí n tó sanwó, orí mi wú. Wúfà tó ń gbé béèsì jáde méjì, ti àárín kan, tíwítà tó ń gbé ohùn òkè jáde kan ló wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Áńpù mi, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, jẹ́ 80 wọ́ọ̀tì.

Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbé e wọ pálọ̀ mi ni mi ò ti gbádùn rẹ̀ mọ́. Béèsì ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń gúnyán nílé kejì. Ohùn akọrin dà bíi ti ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu. Ìlù ló wá dùn mí jù. Bí mo bá fi àpàlà Haruna Ishola sí i, mo mọ̀ pé agídìgbo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò yàtọ̀ sí ìkejì létí mi. Bí mo bá fi jùjú sí i, gángan á máa sọ̀rọ̀, mi ò ní mọ ohun tó ń wí. Bẹ́ẹ̀, nínú rédíò kékeré tí Bàámi fi sílẹ̀, mò ń gbọ́ ọ ketekete!

Pálọ̀ mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, ìbú rẹ̀ jẹ́ 12, àjà wà ní 10. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́, táìlì nílẹ̀, POP lókè, àga aláwọ, wíńdò gíláàsì ńlá lápá òsì. Sípíkà wà ní igun méjèèjì, tẹlifíṣọ̀n wà láàárín wọn. Àga tí mo máa ń jókòó sí fara ti ògiri ẹ̀yìn.

Ṣé áńpù ni kí n pààrọ̀ ni, àbí wáyà? Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n ra súbúwúfà, sípíkà béèsì nìkan, kún un.

Adé Wáyà (Ìkẹjà), Ọjọ́ Ẹtì, 9:30 alẹ́

Ẹ kú ọjà tuntun. Wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ń dì mọ́ áńpù nínú páálí kò lè gbé béèsì gidi. Ẹ ra èyí tó nípọn bí ìka, tí wọ́n fi fàdákà bò. Nígbà tí mo pààrọ̀ tèmi, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ká kọ́tìnì kúrò lójú wíńdò.

Ìyá Ìbejì Olóhùn (Òṣogbo), Ọjọ́ Ẹtì, 10:05 alẹ́

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀.

Ọdún 15 rèé tí mo ti ń ṣètò ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ní sípíkà tí mo fẹ́ràn nílé. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, yàrá ló ń ṣe é. Ìró ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá lu ògiri, á ta padà, á sì pàdé èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ògiri méjì tó kọjú síra, ìró kan wà tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àyè tó wà láàárín wọn. Àlọ àti àbọ̀ ìró yẹn á bọ́ sórí ara wọn, á máa ga sí i, kò sì ní tètè kú. Ẹ pín 1,130 sí ìlọ́po méjì gígùn pálọ̀ yín, ìyẹn 36, ẹ máa rí 31 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Ti ìbú, ẹ pín in sí 24: 47 Hz. Ti àjà, ẹ pín in sí 20: 56 Hz. Ìlọ́po méjì ti gígùn, nǹkan bí 62 Hz, tún wà níbẹ̀. Àdúgbò ibi tí gìtá béèsì àti ìlù ńlá ń gbé gan-an nìyẹn.

Ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n rẹ́ kì í gbé béèsì mì, ṣe ló ń dá a padà. Ògiri pákó tí wọ́n fi ń kọ́lé ní Amẹ́ríkà máa ń mì díẹ̀, béèsì á sì jò jáde. Tiwa kì í jẹ́ kó lọ. Ẹ wá gbé sípíkà sí igun, níbi tí gbogbo ìró yìí ti ní agbára jù. Ẹ tún lọ fẹ̀yìn ti ògiri, níbi tí wọ́n ti ga jù. Ẹ dáná sábẹ́ ìkòkò, ẹ sì tún dé e.

Rédíò Bàbá yín kò lè sọ̀kalẹ̀ dé 62 Hz rárá, nítorí náà kò jí yàrá náà lójú oorun. Ìdí tí ẹ fi gbọ́ gángan nínú rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́la, ẹ gbé sípíkà kúrò nínú igun. Kí ojú wọn jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kí wọ́n sì jìnnà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ ní 2 àbọ̀. Ẹ fa àga yín wá síwájú títí ó fi kù díẹ̀ kó tó ẹsẹ̀ bàtà 7 láti ògiri ẹ̀yìn yín. Àyè tó wà láàárín sípíkà méjèèjì àti àyè tó wà láti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé etí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kí tíwítà wà ní ọ̀gangan etí yín bí ẹ bá jókòó. Ẹ má ṣe jókòó sí àárín gbùngbùn gígùn pálọ̀ náà o, torí 31 Hz á pòórá níbẹ̀, ẹ ó sì tún máa sọ pé béèsì kò sí. Téèpù ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀, ẹ má fojú díwọ̀n. Bí ọ̀tún bá fi íǹṣì kan pére sún mọ́ yín ju òsì lọ, akọrin kò ní dúró sáàárín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má bínú sí mi. Wáyà iná 2.5 mm tí àwọn oníná fi ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì nínú ilé, bó bá jẹ́ kọ́pà láti inú dé òde, ìdènà rẹ̀ fún ẹsẹ̀ bàtà 15, àlọ àti àbọ̀, kò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm. Sípíkà wà ní nǹkan bí 8 ohm. Etí kan kò lè gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni wáyà álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà pa lára. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Adé Wáyà (Ìkẹjà), Ọjọ́ Ẹtì, 10:21 alẹ́

Ìyá Ìbejì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n etí mi gbọ́ ohun tó gbọ́, ìṣirò kò lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Ẹtì, 11:02 alẹ́

Adé, nígbà tí o tú wáyà àtijọ́ yẹn, kí ni ẹnu rẹ̀ rí?

Adé Wáyà (Ìkẹjà), Ọjọ́ Ẹtì, 11:06 alẹ́

Ó ti dúdú, sà. Apá kan ti di àwọ̀ ewé.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Ẹtì, 11:48 alẹ́

Ìpẹtà nìyẹn. Bó o bá gé ẹnu rẹ̀, tí o bó ibi tuntun, tí o fún un mọ́lẹ̀ dáadáa, o ò bá gbọ́ ohun kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò sọ pé o purọ́. Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, àwọn onímọ̀ nípa ìró, ṣe àyẹ̀wò kan. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn gbọ́ sípíkà tí wọ́n ń fojú rí, wọ́n tún fi aṣọ ta wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Máàkì tí àwọn èèyàn náà fún sípíkà kan náà yí padà. Ojú máa ń bá etí sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tí kò ṣẹlẹ̀ sí nínú wa.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dára, ṣùgbọ́n kí o tó gbé ohunkóhun, wo ẹ̀yìn sípíkà. Ṣé pupa áńpù ló wọ pupa sípíkà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Bí ẹnìkan bá yí ẹyọ kan padà, bí wúfà ọ̀tún bá ń tì, ti òsì á máa fà. Wọ́n á pa béèsì ara wọn, akọrin á sì fọ́n káàkiri ògiri. Láti mọ̀, wá orin tí wọ́n gbà ní mónò, ìyẹn èyí tí ohùn kan náà ń jáde nínú sípíkà méjèèjì. Ọ̀pọ̀ àwo àpàlà àti sákárà àtijọ́ ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Jókòó sáàárín, di ojú. Bí wáyà bá tọ̀nà, akọrin á dúró ní ojú kan ṣoṣo láàárín sípíkà méjèèjì bí ẹni tó dúró sórí àpótí.

Ọ̀rọ̀ igun nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Kì í ṣe gbogbo sípíkà ni igun ń bàjẹ́. Klipschorn tí Paul Klipsch ṣe ní 1946, igun gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ògiri méjèèjì ló parí ìwo béèsì rẹ̀. Bí o bá fà á jáde, béèsì á lọ. Kí kálukú ka ìwé tó bá sípíkà tirẹ̀ wá.

Túndé Peckham (Lọ́ńdọ̀nù), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:40 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ibì kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ mà.

47 Hz ti ìbú yẹn kò ní dààmú Ọmọ Mọ́kọ́lá bó bá jókòó sáàárín ìbú gẹ́lẹ́, tí sípíkà méjèèjì sì jìnnà dọ́gba sí ògiri ẹ̀gbẹ́. Àárín ìbú ni ìró yẹn ti máa ń kú. Aya rẹ̀ tó jókòó sí ìdí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló máa gbọ́ ọ. Ti gígùn ló ń pa á, 31 àti 62. Bí àyè bá wà, kó gbé sípíkà wá síwájú dé ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn yàrá. Sípíkà tó bá wà lójú ibẹ̀ kò lè jí 62 Hz rárá.

Ẹ tún rántí pé ẹ̀yìn sípíkà náà ń fọ ìró sí ògiri. Bí wúfà bá jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, èyí tó lu ògiri tó padà á pa èyí tó ń jáde ní nǹkan bí 94 Hz. Ẹ lè ṣírò tiyín: 1,130 ẹ pín sí ìlọ́po mẹ́rin àyè náà. Kò sí ibi tí a máa gbé e sí tí kò ní ní ọgbẹ́ tirẹ̀. Ohun tó yẹ ká sá fún ni kí àyè ẹ̀yìn, àyè ẹ̀gbẹ́ àti bí wúfà ṣe ga sókè láti ilẹ̀ jẹ́ iye kan náà, torí ọgbẹ́ mẹ́ta á bọ́ sójú kan.

Èmi ń lo KEF LS50, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2012, nínú flat kékeré kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó. Sípíkà kékeré ni. Kò bá mi jí béèsì yàrá, mo sì ń gbọ́ gángan débi pé Màámi lórí fóònù máa ń dá ìlù náà lóhùn. Mo sọ ìyẹn fún ẹni tó bá ń ka ìjíròrò yìí tí kò tíì rà: yàrá kékeré kò nílò gogoro. BBC mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. LS3/5A tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1970, inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, ó sì kéré ju garawa omi lọ.

Ní ti ẹsẹ̀ sípíkà, ẹ má fi irin ṣóńṣó yẹn gún táìlì. Lórí pákó bíi tèmi, rọ́bà ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má bàa kọrin. Lórí kọnkéré, kò sí ìyàtọ̀ tí ẹ máa gbọ́, bí kò bá ti mì lẹ́sẹ̀.

Ìyá Ìbejì Olóhùn (Òṣogbo), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:15 àárọ̀

Òótọ́ ni ti àárín ìbú, Túndé, mo gbà. Àwọn tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni mò ń rò torí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀ ni mi ò gbà. Nínú pálọ̀ tí ọmọdé ń sá kiri, tí àlejò ń wọlé, ta ló máa gba sípíkà mọ́jú láàárín ilé? Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti 3.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun.

Mo yẹ wáyà wò, pupa wọ pupa. Mo gbé sípíkà sí ẹsẹ̀ bàtà 3, mo fa àga síwájú. Ìyàwó mi béèrè bóyá a fẹ́ kó lọ ni. Àmọ́ nígbà tí mo tan án, òun gan-an ló jókòó. Ìyàtọ̀ náà kò kéré. Iyán gígún ti dín kù ju ìdajì lọ. Béèsì gìtá ti ní orin nínú, kì í ṣe ariwo kan ṣoṣo mọ́.

Àmọ́ ohun méjì ṣẹ́ kù. Bí akọrin bá pariwo tàbí tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wọlé, ó máa ń gún mi létí. Bí mo bá sì pàtẹ́wọ́ nínú pálọ̀ náà, ó máa ń dáhùn “tííìn”. Ìkejì, nísinsìnyí tí béèsì ti rọlẹ̀, mo gbọ́ pé ohun kan ń dún “hùùù” lábẹ́ orin, ní pàtàkì bí orin bá dákẹ́.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20 alẹ́

“Hùùù” yẹn, wáyà earth ló ń fà á. Irú ẹ̀ ṣe mí nígbà kan. Mo yọ ẹsẹ̀ kẹta nínú púlọ́ọ̀gì áńpù, ó sì dákẹ́.

Ẹnjiníà Iná (Iléṣà), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 alẹ́

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ẹsẹ̀ yẹn padà lálẹ́ òní. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má ṣe é láé. Bí wáyà iná kan bá já nínú áńpù tó sì kan irin ara rẹ̀, earth yẹn ló máa gbé iná wọlẹ̀. Bí kò bá sí, ara ẹni tó bá fọwọ́ kan bọ́tìnì ni iná máa gbà. A kì í fi ẹ̀mí ra orin.

Bó ṣe yẹ ká wá a nìyí. Ẹ yọ gbogbo wáyà orin tó wọ áńpù, ẹ fi ti sípíkà sílẹ̀. Bí “hùùù” bá dákẹ́, inú áńpù kọ́ ló wà. Ẹ máa dá wáyà padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ máa rí i pé nígbà tí ẹ bá ki ti dẹkódà bọ̀ ọ́ ló bẹ̀rẹ̀, torí wáyà tó ti orí òrùlé wá láti ara díìṣì ti kan ilẹ̀ níbòmíràn. Ilẹ̀ méjì tí kò dọ́gba ló ń bára wọn jà nínú áńpù yín. Bí dẹkódà bá ní ihò optical, wáyà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé orin yẹn ni kí ẹ lò, iná mànàmáná kò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ sì ki gbogbo ẹ̀rọ orin sí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.

Bó bá jẹ́ pé bí ẹ bá wà lórí ínfátà nìkan ló ń dún, ẹ wo irú ínfátà náà. Èyí tí kì í ṣe pure sine wave (tí iná rẹ̀ kì í lọ geerege bíi ti ìjọba) máa ń mú kí tiransífọ́mà inú áńpù máa kùn. Kò sí wáyà tó lè wo ìyẹn sàn.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:44 alẹ́

Mo ti gbọ́, Ẹnjiníà. Mo ti pa áńpù náà. Láàárọ̀ ọ̀la ni màá pe oníná mi. O ṣeun tí o kò fi ojú àgbà wò mí dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì Houston (Texas), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:10 alẹ́

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra áńpù tòkunbọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí. 120 volt ni iná Amẹ́ríkà, 230 ni ti Nàìjíríà. Ẹ yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná. Àbúrò mi ọkùnrin ki tirẹ̀ bọ iná tààrà, èéfín ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ orin. Tiransífọ́mà tó ń sọ iná kalẹ̀ ni kí ẹ lò, kí agbára rẹ̀ ju èyí tí áńpù ń jẹ lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi ni ìkejì. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìlera níbi iṣẹ́, ní wákàtí 8 lóòjọ́ ni òpin bí ariwo bá wà ní 85 dB (dB ni òṣùwọ̀n bí ariwo ṣe ga tó). Bó bá lé ní 3 dB péré, ìdajì wákàtí náà ni: 88 dB, wákàtí 4; 91 dB, wákàtí 2. Sípíkà tó dára kì í han bó ṣe ń ga, torí kì í ya lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ etí yín.

Ọmọ Káfíńtà (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Àìkú, 2:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìsinmi o. “Tííìn” tí Ọmọ Mọ́kọ́lá gbọ́ yẹn, táìlì, gíláàsì àti ògiri lásán ló ń ju ìró òkè síra wọn. Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn sí àárín sípíkà àti àga. Ẹ ta kọ́tìnì tó wúwo sí wíńdò, kó ní ìṣẹ́po púpọ̀. Páálí ẹyin tí àwọn èèyàn máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri náà dára.

Ìyá Ìbejì Olóhùn (Òṣogbo), Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Rọ́ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni. Kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀ ni. Páálí ẹyin, rárá o! Ó fúyẹ́ jù, kò gbé nǹkan kan mì àfi ṣóńṣó orí ohùn, eku á sì sọ ọ́ di ilé. Mo ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta.

Ọmọ Káfíńtà, iṣẹ́ ọwọ́ yín ló wúlò níbí. Ẹ bá a kan férémù onípákó, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2, kí inú rẹ̀ jìn ní íǹṣì 4. Ẹ tẹ́ rockwool, òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, sínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, torí ó ń yún ara. Ẹ fi àdìrẹ bò ó. Aṣọ tó bá jẹ́ pé bí ẹ bá fẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kọjá, òun ni. Awọ tàbí nálọ́ọ̀nù á dá ìró padà. Ẹ jẹ́ kí àyè íǹṣì 2 sí 4 wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, yóò tún mú ìró tó wà nísàlẹ̀ sí i.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí: kí ẹnìkan máa gbé dígí lọ lára ògiri ẹ̀gbẹ́, kí Ọmọ Mọ́kọ́lá jókòó sórí àga rẹ̀. Ibi tó bá ti rí tíwítà nínú dígí, ibẹ̀ ni ìró kọ́kọ́ ti ń ta dé etí rẹ̀. Ẹ sàmì sí i. Ó máa jẹ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lápá wíńdò, kọ́tìnì tó wúwo ló máa gbà á.

Ọmọ Káfíńtà (Ọ̀yọ́), Ọjọ́ Àìkú, 5:12 ìrọ̀lẹ́

Mo dúpẹ́ mà, mo ti kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Mọ́kọ́lá, mò ń wá sí Ìbàdàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ ra rockwool, màá gbé férémù mẹ́rin dání.

Túndé Peckham (Lọ́ńdọ̀nù), Ọjọ́ Àìkú, 10:18 alẹ́

Lẹ́yìn férémù, ẹ wọ̀n ọ́n. Gbohùngbohùn UMIK-1 àti REW, ètò ìwọn-ìró tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, máa ya àwòrán ohun tí etí yín ń gbọ́. Bí 62 Hz bá ṣì yọrí sókè, ẹ fi equalizer, èyí tó ń gbé apá kan ìró sókè tàbí sọ ọ́ kalẹ̀, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ nìkan.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Equalizer? Ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ìbejì Olóhùn (Òṣogbo), Ọjọ́ Ajé, 7:02 àárọ̀

Bàbá, yàrá ti fọwọ́ kàn án ṣáájú wa. Ohun tí yàrá fi kún un là ń yọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹ gé òkè, ẹ má kún kòtò. Ibi tí ìró ti pa ara rẹ̀, bí ẹ bá ń da agbára sí i, ṣe ni áńpù á máa làágùn, wúfà á máa sáré, kòtò náà kò ní kún.

Bàbá Àwo (Abẹ́òkúta), Ọjọ́ Ajé, 7:15 àárọ̀

Màá fetí sí i nílé ẹlòmíràn ná. Ṣùgbọ́n lórí áńpù mi, rárá.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, 8:40 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mélòó kan.

Dẹkódà ló ń fa “hùùù”. Mo lo wáyà optical, ó dákẹ́ pátápátá. Ọmọ Káfíńtà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun bó ṣe wí. Àdìrẹ tí Màámi fún wa nígbà ìgbéyàwó la fi bo férémù, ìyàwó mi ló ràn án. Rọ́ọ̀gì wà nílẹ̀. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ báyìí, “pá” nìkan ni mò ń gbọ́. Mo yá UMIK-1 lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan. 62 Hz ṣì fi 5 dB ga ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Mo gé 4 nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá Àwo, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́ ọ.

Lánàá, mo fi àpàlà yẹn sí i. Agídìgbo dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan irin rẹ̀ dá dúró, mo gbọ́ bí ìka ṣe ń kúrò lára rẹ̀. Mo wá fi jùjú sí i. Gángan kì àwọn èèyàn kan, ó sì dárúkọ ìlú wọn. Ọdún púpọ̀ ni mo ti ń gbọ́ orin náà, mi ò mọ̀ pé ìlú ló ń dárúkọ.

Ẹyọ kan ló kù. Bí béèsì bá wọlẹ̀ gan-an, nǹkan kan ń gbọ̀n “dzzz” lápá ọ̀tún. Ṣé wúfà ti ya ni?

Ẹnjiníà Iná (Iléṣà), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:03 alẹ́

Ẹ má tíì bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí REW kọ ìró kan ṣoṣo láti 20 lọ sí 200 Hz díẹ̀díẹ̀, ohùn kékeré. Bó bá ti “dzzz”, ẹ dá a dúró síbẹ̀, kí ẹ máa fọwọ́ tẹ gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá: gílóòbù POP, irin wíńdò, àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:51 alẹ́

Mo ti rí i. Ní 71 Hz ni. Fọ́tò Bàámi tó wà lára ògiri lẹ́yìn sípíkà ọ̀tún ni, gíláàsì rẹ̀ kò mọ́ férémù dáadáa. Mo fi ègé aṣọ méjì há a lẹ́yìn, mo dá a padà síbi tó wà. Ó ti dákẹ́.